Àwọn olórin Kánádà tó ń kọrin bíi ti 1983: ṣé wọn ò ní nǹkan tuntun láti sọ ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi tó wà ní Montréal ni kò jẹ́ kí n sinmi, ojoojúmọ́ ló ń fi orin ránṣẹ́, Automelodi lónìí, Essaie Pas lọ́la, TR/ST àti Austra lọ́túnla, ó ní synth-pop ni, orin tí wọ́n ń fi kíbọ́ọ̀dù oníná tí wọ́n ń pè ní synth ṣe, pé redíò ńlá kì í gbé e ṣùgbọ́n òun lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun ń gbọ́. Mo gbọ́ ọ. Létí tèmi, nǹkan tí wọ́n ń lù ní kílọ́ọ̀bù kí wọ́n tó bí wa ni: ẹ̀rọ ìlù tó ń ró gán-gán-gán, kíbọ́ọ̀dù tó ń fà gbọọrọ, ẹnì kan wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bóyá ni wọ́n ti dáyé nígbà tí irú orin yẹn kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ dá mi lóhùn: ṣé wọn ò ní nǹkan tuntun láti sọ ni? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ Kánádà?

———

Mo ti ń retí kẹ́nì kan béèrè èyí. Èmi náà Montréal ni mo wà, kíbọ́ọ̀dù ni mò ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí mo ti ń tú èyí tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wa ni mo ti dẹni táwọn ọmọ yìí ń gbé tiwọn wá fún, torí náà mo ti bá wọn jókòó, mo ti bá wọn jiyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Kánádà yẹn kúrò nílẹ̀. Orin yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Montréal nìkan o, láàárín 1981 sí 1983, ẹ wo àwọn tó jáde: Lime, Men Without Hats tí "The Safety Dance" wọn gun ipò kẹta lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà, Rational Youth tó gbé àwo Cold War Night Life jáde ní 1982, Trans-X, ìyẹn Pascal Languirand, tó fi èdè Faransé kọ "Vivre sur vidéo" tó wá di "Living on Video" tí wọ́n ń jó kiri Yúróòpù. Ìlú kan ṣoṣo! Tracy Howe tó wà nídìí Rational Youth gan-an ti wà nínú Men Without Hats rí, ṣé ẹ rí i pé ara wọn ni gbogbo wọn. Nítorí náà ọmọ Montréal tó bá ra kíbọ́ọ̀dù Juno àtijọ́ lónìí, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé nǹkan Lọ́ńdọ̀nù tàbí ti Jámánì ló lọ jí gbé.

Okùn yẹn ò sì fìgbà kan já. Ní 1997, nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ synth-pop sétí, Jason Amm tó ń jẹ́ Solvent àti Gregory DeRocher tó ń jẹ́ Lowfish dá Suction Records sílẹ̀ ní Toronto, irú ohùn yẹn náà ni wọ́n ń gbé jáde. Nígbà tó di 2001, Tiga, ọmọ Montréal, àti Jori Hulkkonen ará Finland tún "Sunglasses at Night" ṣe, orin Corey Hart, tí wọ́n bí ní Montréal bákan náà. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Junior Boys ti Hamilton gbé Last Exit jáde ní 2004. Ẹni tó bá ń sọ pé "wọ́n jí i dìde", ta ló sọ fún un pé ó kú?

———

Mo ti ka èsì gbogbo yín látàná. Ẹ jẹ́ n mú un níkọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ní òtútù ni, pé ẹni tí yìnyín sé mọ́lé kí ló tún fẹ́ ṣe bí kò ṣe kó máa tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ẹ fìyẹn sílẹ̀ jàre. Winnipeg tutù ju Montréal lọ, Robert Alfons tó ni TR/ST ọmọ Winnipeg ni, Toronto ló sì wá kó tó rí orin yẹn ṣe. Bó bá jẹ́ ti òtútù ni, Yellowknife tó wà lókè àríwá lọ́hùn-ún ni ì bá jẹ́ olú-ìlú synth.

Àwọn tó ní fíìmù Drive ni. Èyí sún mọ́ ọn díẹ̀. Fíìmù yẹn jáde ní 2011, Electric Youth ti Toronto wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú College ará Faransé, orin Desire náà wà níbẹ̀, Megan Louise tó ń kọrin nínú Desire sì wá láti Montréal. Ó gbé wọn délé ayé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ o: Parallels ti gbé Visionaries jáde ní 2010, Austra ti gbé Feel It Break jáde kí fíìmù yẹn tó dé sinimá. Fíìmù yẹn kó àwọn olùgbọ́ wá, àwọn olórin ti wà nílé kó tó dé.

Àwọn tó ní ìjọba ló ń fún wọn lówó, mo ń bọ̀ wá bá yín, tiyín gùn.

Èmi, ohun tí mo gbà ni pé owó ilé ló dá orin yìí sílẹ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ eré àbí? Ẹ gbọ́ ná. Montréal tí mo kó wá, ilé ò wọ́n níbẹ̀ rárá lójú ẹni tó bá ti Toronto tàbí Vancouver bọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ àtijọ́ tó wà lápá Mile End ṣófo, ọmọ ogún ọdún lè gba yàrá ńlá kan pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, kó máa sùn síbẹ̀, kó máa ṣe páárì níbẹ̀, kó máa ká orin sílẹ̀ níbẹ̀. Irú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Lab Synthèse, ọmọ Vancouver kan, Sebastian Cowan, ló wà nídìí ẹ̀, ibẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ àwo Arbutus Records ti jáde, Arbutus ló kọ́kọ́ gbé olórin obìnrin kan tó ń jẹ́ Grimes. Ẹ sì wá wo bí Grimes ṣe ṣe àwo ẹ̀ Visions: inú yàrá ẹ̀ ní Montréal ló tilẹ̀kùn mọ́ ara ẹ̀, ó dí fèrèsé kí oòrùn má baà wọlé, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ká èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ bi ara yín, ta ló lè jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìlọ síbi iṣẹ́ bí owó ilé ẹ̀ bá ń lé e kiri? Gìtá àti ìlù ńlá nílò ibi tí àwọn aládùúgbò ò ti ní pariwo lé ẹ lórí. Kíbọ́ọ̀dù ò nílò ju tábìlì àti gbohùngbohùn etí lọ, ẹnì kan péré ló sì lè ṣe gbogbo ẹ̀. Ọmọ tí ò lówó, tó sì dá wà nínú yàrá, kí ló tún fẹ́ dún bí kì í bá ṣe báyẹn?

———

Àǹtí tó wà ní Toronto ti bínú sí mi: ó ní Austra ńkọ́, TR/ST ńkọ́, Parallels ńkọ́, Electric Youth ńkọ́, gbogbo wọn Toronto ni wọ́n ti jáde, ilé ò sì dínwó ní Toronto láéláé.

Àǹtí, ẹ má bínú, Toronto ti nǹkan bíi 2009 kọ́ ni Toronto tẹ́ ẹ ń san owó ilé ẹ̀ lónìí. Toronto sì ní àwọn ilé iṣẹ́ àwo tiẹ̀: Paper Bag ló gbé Austra nílé, Arts & Crafts ló gbé àwo TR/ST tó ń jẹ́ TRST ní 2012. Ẹ tún kíyè sí i pé Maya Postepski tó ń lu ìlù nínú Austra ló bá Robert Alfons bẹ̀rẹ̀ TR/ST, àwọn èèyàn kan náà ló ń yí po.

Ẹ wá wo Hamilton. Ìlú irin, ibi tí wọ́n ń yọ́ irin, ó fi nǹkan bíi wákàtí kan jìnnà sí Toronto lórí títì, títí di àìpẹ́ yìí kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀ lọ ṣe fáàrí. Junior Boys ti jáde níbẹ̀, Jessy Lanza ti jáde níbẹ̀, Jeremy Greenspan ti Junior Boys ló sì bá Jessy Lanza ṣe Pull My Hair Back, tí ilé iṣẹ́ àwo Hyperdub ti Lọ́ńdọ̀nù gbé jáde ní 2013, ó wọ ìwé àwọn tí wọ́n ṣà fún Polaris, ẹ̀bùn àwo Kánádà tó dáa jù, lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí ìlú kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe bí àwọn méjì yẹn, ẹ bá mi wá ìdí mìíràn.

———

Ó ti kan owó ìjọba.

Ọ̀gbẹ́ni tó wà ní Calgary kọ ọ̀rọ̀ gígùn, kókó ẹ̀ ni pé òfin ló ń fi agídí gbé orin wọn sórí redíò, pé bí kì í bá ṣe òfin, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ wọn. Òfin wà lóòótọ́. Láti 1971 ni CRTC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó redíò, ti pàṣẹ pé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún orin tí redíò bá gbé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Kánádà, wọ́n gbé e dé 35 ní 1999. Ti redíò elédè Faransé tún le, ìdá 65 nínú orin tí wọ́n bá kọ ní ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ní Faransé.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi redíò ńlá léèrè, ta ni wọ́n fi ń pé ìdá yẹn? Orin olówó kan náà ni wọ́n ń gbé láàárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́. Wọn ò fi Automelodi pé e rárá. Òfin yẹn gan-an ní wàhálà tiẹ̀, ẹ rántí ọ̀rọ̀ Bryan Adams, àwo ẹ̀ tó jáde ní 1991, wọ́n ní kì í ṣe orin Kánádà torí pé Mutt Lange tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ ló bá a kọ ọ́! Bryan Adams o! Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti tún òfin yẹn ṣe díẹ̀.

Àwọn tó ń gbé àwọn ọmọ wa yìí ni redíò yunifásítì, CKUT ní McGill, CISM ní Université de Montréal, CIUT ní Toronto. Kò sí owó níbẹ̀, ẹni tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ gan-an kì í sábà gba kọ́bọ̀. Àjọ kan tó ń jẹ́ FACTOR wà láti 1982, ó máa ń fún olórin lówó láti ká àwo tàbí láti rin ìrìn àjò, èyí wúlò, mi ò ní parọ́, mo mọ àwọn tó rí i gbà. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ẹ̀ gùn, wọn á bi ẹ́ pé kí ni ètò ẹ láti tà á, ẹni tó ń ká orin sílé láàárín òru kì í ní ètò kankan. Ìgbà tí olórin bá ti dúró dáadáa lowó yẹn máa ń dé.

Àwọn elédè Faransé ló tún jìyà jù. Essaie Pas, ìyẹn Marie Davidson àti Pierre Guerineau, ilé iṣẹ́ àwo DFA ti New York ló gbé àwo wọn Demain est une autre nuit ní 2016. Automelodi, ilé iṣẹ́ àwo Wierd ti New York náà ló kọ́kọ́ gbé àwo ẹ̀ ní 2010. New York gbọ́ wọn kí Calgary tó gbọ́ wọn, bọ̀dá.

———

Ẹnì kan ju ọ̀rọ̀ Sunny Adé sí i, ó ní synth wà nínú Synchro System láti 1983, kí la wá ń fi Kánádà ṣe. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n nínú ìyẹn, gángan àti gìtá ló ni ilé, synth ṣe àlejò ni. Nínú èyí tá à ń sọ, synth ló ni ilé, kò sí ẹlòmíì nínú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ká sọ ti Sunny Adé, kó ṣí ojú ìwé tiẹ̀, màá wá síbẹ̀ wá jà.

———

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹ̀rọ wàyí, torí ibẹ̀ lẹ ti fẹ́ máa bú ara yín.

Àwọn kan ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀ bí kì í bá ṣe ẹ̀rọ àtijọ́ gidi lo fi ṣe é. Àwọn kan ní ìwà olówó ni, pé nǹkan tó wà nínú kọ̀ǹpútà ò yàtọ̀.

Èmi tí mò ń tú u ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ mú Juno-106, ọdún 1984 ló jáde, ohùn mẹ́fà ló ní, ohùn kọ̀ọ̀kan sì ní chip tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 80017A. Wọ́n da ọ̀dà dúdú kan bo chip yìí láti ilé iṣẹ́, ọ̀dà yẹn gan-an ló ń pa á bó bá ti dàgbà. Bí ọ̀kan bá kú, wàá tẹ nọ́tì kan náà léraléra, márùn-ún á dún, ìkẹfà á dákẹ́ tàbí kó máa ṣe ṣàà-ṣàà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó kú, ẹ tẹ bọ́tìnì Key Transpose mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan iná ẹ̀, nọ́ńbà ohùn á hàn lójú ẹ̀ bẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi irin sọ́dà yọ chip yẹn, ẹ rì í sínú asítóònù, omi táwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, bó bá ti rọ̀ ẹ rọra máa ṣí i kúrò. Ẹni tó bá kánjú á ṣẹ́ ẹsẹ̀ chip, ó di kó lọ ra tuntun tí àwọn kan ń ṣe báyìí. Ọmọkùnrin kan gbé tiẹ̀ wá lọ́dún tó kọjá, ẹni tó tà á fún un ní kò ní àléébù kankan, ohùn mẹ́ta ti kú nínú ẹ̀! Ó ń fi mẹ́ta yòókù kọrin, ó rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ sì jẹ́ n sọ òótọ́, orin tó fi mẹ́ta yẹn ṣe dáa.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn. Olùgbọ́ ò lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ gidi ni, mo ti fi dán àwọn tó ń fọ́nnu wò, wọn ò mọ̀ ọ́n. Visions Grimes tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, GarageBand, ètò orin inú kọ̀ǹpútà, ló fi ṣe é, kíbọ́ọ̀dù tó sì lò ni Juno-G, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 2000, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Juno àtijọ́ ju orúkọ lọ. Ta ló bú u? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lù ú, ọwọ́ ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Inú kọ̀ǹpútà lo ti ní ẹgbẹ̀rún ohùn, wàá máa yẹ̀ wọ́n wò títí ilẹ̀ á fi mọ́, o ò ní kọ ìlà orin kan. Ẹ̀rọ tó ní ohùn mẹ́fà péré, ó ní ibi tó o lè dé, o ò lè to ohùn jọ kó o fi bo orin tí kò dáa. Ẹ̀rọ tí wọ́n sì ṣe kí MIDI, ọ̀nà tí ẹ̀rọ orin fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, tó dé ní 1983, mímú kí wọ́n jọ rìn pọ̀ ṣòro díẹ̀, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lù ú, ó máa ń yẹ̀ díẹ̀ lórí ìlù, ìyẹ̀ díẹ̀ yẹn lẹ̀ ń gbọ́ tẹ́ ẹ ń pè ní "ohùn àtijọ́". Ọmọ kan lè fi laptop ṣe é bó bá gé ara ẹ̀ kù. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn ń gé ara wọn kù.

———

Ẹni tó béèrè ti padà wá, ó ní a ò tíì dáhùn, ó ní a ti sọ ti ilé, ti redíò, ti chip, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń sọ nínú orin yẹn?

Ó dáa. Rational Youth ní 1982, Berlin àti Poland ni wọ́n ń kọrin sí, ogun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá á bẹ́. Nǹkan tó bà wọ́n lẹ́rù nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ Marie Davidson nínú Working Class Woman, 2018, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dá lórí iṣẹ́: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti kílọ́ọ̀bù dé kílọ́ọ̀bù, tí kò sùn, tí àwọn èèyàn kàn ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ń fi ara ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú ohùn gbígbẹ kan báyìí. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ òru nílùú òyìnbó rí, ọ̀rọ̀ yẹn á wọ̀ ọ́ lára. Austra gbé Future Politics jáde ní ogúnjọ́ oṣù kìíní 2017, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n búra fún Trump wọlé, àwo yẹn sì ń béèrè bóyá ọjọ́ ọ̀la tó dáa ṣì ṣeé ronú kàn. Èyí lẹ ní wọn ò ní nǹkan láti sọ?

Mo gbà pé àwọn kan wà tí nǹkan ò sí lẹ́nu wọn. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ pọ́ọ́pù, jígí dúdú, mọ́tò Lamborghini lára àwo, orin mẹ́wàá tó jọ ara wọn. Wọ́n pọ̀ gan-an ní Kánádà, wọ́n sì pọ̀ níbi gbogbo. Àwọn yẹn ni ìbéèrè yìí bá wí, àwọn tí àbúrò rẹ ń fi ránṣẹ́ kọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé yàrá yẹn ti ń tán. Ilé ti wọ́n ní Mile End. La Tulipe, gbọ̀ngàn eré àtijọ́ ní àdúgbò Plateau ní Montréal, ti ilẹ̀kùn pa ní 2024 lẹ́yìn tí kóòtù ní ariwo ẹ̀ ò gbọdọ̀ tún wọ ilé tó lẹ̀ mọ́ ọn, ilé tí ìjọba àdúgbò ọ̀hún fúnra ẹ̀ fún níwèé ìyọ̀ǹda láti di ibùgbé lọ́nà tí kò tọ́. Àwọn ọmọ tó ń gbé kíbọ́ọ̀dù wá bá mi báyìí, àwọn kan ti ń kó lọ sí Trois-Rivières, àwọn kan ń bi mí nípa Hamilton, mo ní Hamilton náà ti gbówó lórí.

———

Sí ẹni tó ní òun fẹ́ ra Juno-106 lọ́wọ́ ẹnì kan lórí Marketplace: ó ti ju ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ dáadáa báyìí, má fi àánú ra á. Bi í bóyá wọ́n ti pààrọ̀ àwọn chip yẹn tàbí wọ́n ti fi asítóònù fọ̀ wọ́n. Ní kó tan án fún wákàtí kan kó o tó dé, òmíì máa ń dún dáadáa bó bá tutù, bó bá gbóná tán ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ìjọ̀ngbọ̀n. Tẹ gbogbo kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, gbé gbogbo bọ́tìnì fífà ẹ̀ lọ sókè sódò. Bó bá ní òun ò ráyè ìyẹn, kí i pé ó dàbọ̀, kó o sì máa lọ.